Iṣẹ́ Ẹranko Afàyàfà: Ibi Tí Ọ̀dọ́ Ti Lè Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ìjàpá kan kú ní ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́. Alágbà ni wọ́n ń pè é. Ààfin kéde pé ọdún 344 ló lò láyé, ìròyìn náà sì kárí ayé. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ nípa ìjàpá fi yarí: wọ́n ní irú ìjàpá bẹ́ẹ̀ kì í sábà lò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Èmi ò lè bá ààfin jiyàn, mi ò sì lè bá wọn jẹ́rìí, nítorí kò sí ìwé kan tó sọ ọjọ́ tó dé, bó ṣe tóbi tó nígbà yẹn, tàbí pé ìjàpá kan náà ni wọ́n ń sìn láti ìran dé ìran. Ní erékùṣù St Helena, ìjàpá mìíràn wà tó ń jẹ́ Jonathan. Ọdún 1882 ni wọ́n gbé e débẹ̀, ó sì ti dàgbà tán nígbà náà. Fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ wà. Nígbà tí wọ́n wá ṣírò pé nǹkan bí ọdún 1832 ló jáde nínú ẹyin, aráyé gbà.

Ohun tí Jonathan fi ju Alágbà lọ ni àkọsílẹ̀. Mo fẹ́ kó o fi ìyẹn sọ́kàn kó o tó bi mí bí wọ́n ṣe ń mú ejò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹranko afàyàfà, ìyẹn ejò, alángbá, ìjàpá àti ọ̀nì, fídíò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi hàn mí, níbi tí wọ́n ti gbé òjòlá kọ́rùn bí ẹni wé ìborùn. Ìgboyà pọ̀ nígboro. Ẹni tó lè ṣí ìwé rẹ̀ kó sọ ohun tí ejò kan jẹ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti ọjọ́ tó bọ́ awọ kẹ́yìn, òun ló ṣòro rí, òun sì ni wọ́n ń gbà síṣẹ́.

Ìwọ tó ṣì wà ní girama tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ní pàtàkì tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá lo wà.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: ara ògiri ilé yín

Ra ìwé onílà kan àti gègé kan. Má ra nǹkan mìíràn. Jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láàárín aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, kó o máa wo alángbá. Akọ tó ti gbó ni èyí tí orí rẹ̀ pọ́n bí osùn, tí ara rẹ̀ dúdú bí aró. Abo àti àwọn ọmọ kéékèèké jọ àwọ̀ ilẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ni àkọ́kọ́ jáde? Ṣé oòrùn ti là? Orí símẹ́ńtì tó ń gbóná ló dúró sí àbí abẹ́ ewé? Akọ mélòó ló wà lórí ògiri kan? Nígbà tí akọ àjèjì dé, èwo ló kọ́kọ́ mi orí, èwo ló sá? Kí ni wọ́n jẹ, èèrà àbí ìyókù ìrẹsì? Fi ọjọ́, wákàtí àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí iwájú gbogbo rẹ̀.

Àwọn ará ilé á fi ọ́ ṣẹ̀sín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wàá fi rí i pé lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá ṣú, alángbá kì í tètè jáde, tó bá sì jáde, kò yára. Ara ẹranko afàyàfà kì í dá ooru ṣe fúnra rẹ̀ bíi ti èèyàn tàbí ewúrẹ́. Ooru oòrùn, ti òkúta àti ti ilẹ̀ ló ń yá, òun ló fi ń sáré, òun ló sì fi ń da oúnjẹ inú rẹ̀. Ohun tó o máa kọ́ nípa títọ́jú ejò, ọ̀nì tàbí ìjàpá lọ́jọ́ iwájú, orí ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ dúró lé. Ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí i lára ògiri kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn òjò, máa ṣọ́ abo. Wàá rí i tó ń gbẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ tí oòrùn ń dé, tó yé ẹyin síbẹ̀, tó sì bò ó. Má hú u. Sàmì sí ibẹ̀, ka ọjọ́, kó o máa dúró de ìgbà tí àwọn ọmọ máa yọ jáde. Tó o bá ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà, o ti ní àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò ní.

Tí fóònù tó ń ya fọ́tò bá wà lọ́wọ́ rẹ, forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì iNaturalist, ọ̀fẹ́ ni. Gbé fọ́tò síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó o ti yà á, àwọn tó mọ ẹranko náà á bá ọ fi ìdí orúkọ rẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìjàpá tàbí òjòlá lo rí, lo ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láti bo ibi náà lójú. Àwọn tó ń wá ẹran tà náà ń ka íntánẹ́ẹ̀tì.

Kọ́ orúkọ méjì fún ẹranko kọ̀ọ̀kan

Orúkọ tí wọ́n ń pe ejò ní Ọ̀yọ́ lè má jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè é ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkìtì. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pe ejò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní oká, tí ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń búra pé tòun lòótọ́. Nígbà tí oró bá wọ̀ ọ́, àríyànjiyàn yẹn lè pa èèyàn. Nítorí náà, kọ orúkọ tí ìlú yín ń pè é, kó o sì kọ orúkọ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba. Òjòlá ńlá tí àwọn kan ń pè ní erè ni Python sebae. Èyí kékeré tó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù tẹ́rù bá bà á, tó sì ń fi orí pamọ́ sáàárín, ni Python regius. Méjèèjì kò ní oró. Paramọ́lẹ̀, tó sanra, tó kúrú, tó ń sùn lójú ọ̀nà tí kì í sá fún ẹsẹ̀ èèyàn, ni Bitis arietans. Oká inú igbó tí ara rẹ̀ jọ ewé gbígbẹ, tí orí rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ni Bitis gabonica. Naja nigricollis ni sèbé tó ń tu oró séèyàn lójú láti òkèèrè. Ìjàpá inú ìtàn wa, Ahun ọkọ Yánníbo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kinixys: wo ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀, wàá rí i pé ó ṣeé pa dé bí ilẹ̀kùn, kí ọ̀tá má bàa rí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

Ọ̀nì náà, mẹ́ta la ní ní Nàìjíríà. Èyí tó tóbi jù, Crocodylus niloticus ni gbogbo ìwé àtijọ́ pè é. Ní 2011, àwọn onímọ̀ yẹ apilẹ̀ àbùdá ọ̀nì wò, kódà wọ́n yẹ ti òkú ọ̀nì tí àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì lọ́ṣẹ tọ́jú wò, wọ́n sì rí i pé ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yàtọ̀. Crocodylus suchus ni wọ́n ń pè é báyìí. Ìkejì ni èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn, Mecistops cataphractus. Ìkẹta ni kúkúrú inú igbó omi, Osteolaemus tetraspis, tí wọ́n máa ń so ẹnu rẹ̀ ní okùn tà lójú títì.

Bó o ṣe ń kọ́ orúkọ, máa já irọ́ kúrò nínú ìwé rẹ. Kò sí alángbá kankan ní Nàìjíríà tó ní oró tó lè pa èèyàn: ọmọńlé kò ní in, agẹmọ kò ní in, awọ́nríwọ́n pàápàá kò ní oró tó lè pa ọ́ bó tilẹ̀ lè fi eyín àti ìrù ṣe ọ́ léṣe. Ejò tí wọ́n ní ó ní orí méjì, Calabaria ni. Ìrù rẹ̀ ló jọ orí, inú ilẹ̀ ló ń gbé, kò sì lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mi ò lè ka iye irú rẹ̀ tí mo ti rí tí wọ́n lù pa.

Ọ̀rọ̀ ilé, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ

Tó o bá sọ fún màmá rẹ pé ejò lo fẹ́ fi ṣiṣẹ́, á rò pé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ kan ejò nínú lóòótọ́. Má bínú sí wọn. Ilé wa kì í fi ejò ṣeré. Àwọn ìdílé kan wà tí òjòlá jẹ́ èèwọ̀ tàbí oríkì fún, àwọn ẹlòmíràn gbà pé ẹni tó bá ń bá ejò gbé ti mu nǹkan. Má ṣe fi ejò kankan wọlé láti fi dá wọn lójú. Orúkọ ilé ìwé, orúkọ iṣẹ́ àti àpẹẹrẹ ẹni tó ń ṣe é ni kó o fi bá wọn sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, iṣẹ́ dókítà ẹran ni mo ń lọ kọ́" máa ń wọ̀ wọ́n létí ju "Mo fẹ́ràn ejò" lọ, kì í sì í ṣe irọ́ tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lo ń lọ.

Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ lólùkọ́ rẹ tó sún mọ́ ọ jù. Ẹni tó ti ń rìn nínú igbó fún ogójì ọdún mọ oṣù tí òjòlá ń jáde, ó mọ ihò tí awọ́nríwọ́n ń yé sí. Lọ bá wọn nírọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀. Kí wọn: "Àrìnpa o, Bàbá." Jókòó, fi ìwé sínú àpò, kó o jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìgbà tó o bá dé ilé ni kó o kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni o ò gbọ́dọ̀ ṣe: má ra ẹranko ààyè lọ́wọ́ wọn, kódà tí àánú ìjàpá tí wọ́n dì lókùn bá ṣe ọ́. Lọ́jọ́ tó o bá sanwó, wọ́n á mọ̀ pé oníbàárà ti dé, wọ́n á lọ mú méjì sí i.

Ilé ẹ̀kọ́

Èyí kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní girama, má ṣeré pẹ̀lú Bàọ́lọ́jì àti Kẹ́mísìrì, má sì sá fún Físíìsì àti Ìṣirò, nítorí JAMB á béèrè wọn lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ìyẹn.

Àkọ́kọ́ ni ìmọ̀ ẹranko, ìyẹn Zoology, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ní. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí. Ìkejì ni ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́: Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka rẹ̀, FUNAAB ní Abẹ́òkúta ní tirẹ̀ pẹ̀lú igbó, FUTA ní Àkúrẹ́ náà ní in. Ìkẹta ni ìmọ̀ ìṣègùn ẹran, ọdún mẹ́fà gbáko, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta sì ní in nítòsí. Ẹ̀kọ́ adìẹ, màlúù àti ajá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti ìjàpá àti ejò, wàá fúnra rẹ wá a kún un. Ìkẹrin, tí àwọn èèyàn sábà máa ń fojú tín-ín-rín, ni kọ́lẹ́ẹ̀jì: èyí tó wà fún ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́ ní New Bussa, ní Ìpínlẹ̀ Niger, ti wà láti 1978, kọ́lẹ́ẹ̀jì igbó sì wà n'Ìbàdàn. Àwọn tó jáde níbẹ̀ máa ń mọ igbó ju àwọn tó jáde ní yunifásítì lọ, mo sì ti rí ọ̀gá ọgbà ẹranko tó fi wọ́n ṣíwájú.

Tí wọ́n bá bi mí léèrè, ẹni tí ìwé kò nira fún, tí owó sì wà nílé láti gbé e fún ọdún mẹ́fà, ìṣègùn ẹran ni màá ní kó kọ́. Ilẹ̀ Yorùbá kò ní dókítà tó gbọ́n nípa afàyàfà tó. Dókítà Mark Ofua, tó ń tọ́jú ẹranko ìgbẹ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Èkó, ti fi hàn pé èèyàn lè fi ìmọ̀ ìṣègùn ẹran di ẹni tí gbogbo ìlú ń wá tí ẹranko bá há.

Nígbà tí àkókò SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níta ilé ẹ̀kọ́, bá tó, má jẹ́ kí wọ́n kàn fi ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n á ti máa rán ọ ra àkàrà. Kọ̀wé béèrè ibi tó o fẹ́ ṣáájú, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Wọ inú ọgbà ẹranko gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 láti ràn ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹranko lọ́wọ́, ó sì di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Àwọn bàbá àti ìyá wa ń rántí Aruna, ìnàkí ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ejò wà ni kí ìwọ lọ dúró sí. FUNAAB ní ọgbà tirẹ̀, OAU ní Ilé-Ifẹ̀ náà ní, pẹ̀lú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹranko àti ewéko. Ní Lẹ́kì, ọgbà tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990 wà, níbi tí awọ́nríwọ́n ti ń rìn gbéregbère lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá onígi bí ẹni pé òun ló ni ilẹ̀.

Lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó o tó kọ̀wé. Mọ ọjọ́ tí wọ́n ń fún ejò lóúnjẹ. Kí olùtọ́jú, béèrè orúkọ wọn, béèrè ìbéèrè kan tó mọ́gbọ́n dání, kó o sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tó o bá wá kọ̀wé pé o fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, ojú rẹ kò ní ṣàjèjì. Ìwé ojú ewé kan ti tó: ẹni tó o jẹ́, ọjọ́ àti wákàtí tó o lè wá, ohun tó o ti kọ sílẹ̀ nípa ẹranko ní àyíká rẹ, orúkọ olùkọ́ tó lè jẹ́rìí sí ọ. Má kọ ọ́ pé o kò bẹ̀rù ohunkóhun. Gbólóhùn yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n ju ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ẹni tí kò bẹ̀rù ni wọ́n máa ń gbé lọ sílé ìwòsàn.

Tí wọ́n bá gbà ọ́, má retí ejò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ọ̀nì ni wàá máa gbá, ewé àti èso lo máa gé fún ìjàpá, ìgbẹ́ lo máa kó. Ìgbẹ́ ni kó o fojú sí gan-an. Ó le àbí ó rọ̀? Ṣé kòkòrò wà nínú rẹ̀? Ọjọ́ wo ni èyí tó kẹ́yìn? Ní ọgbà kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́, ìjàpá kan kú nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì yàgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olùtọ́jú àárọ̀ rò pé ti alẹ́ ti rí i, ti alẹ́ rò pé ti àárọ̀ rí i. Mo wà lára wọn.

Ohun tí ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ mọ̀

Wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kò sí òwe tó bá iṣẹ́ yìí mu tó bẹ́ẹ̀. Afàyàfà máa ń fi àìsàn pamọ́ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, nítorí pé nínú igbó, ẹni tó bá hàn pé ara rẹ̀ ò yá ni wọ́n ń pa jẹ. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n fi ju ojú lọ. Wọn ẹranko lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kọ ọ́. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ nígbà mẹ́ta léraléra, pe dókítà, kódà tó bá ń rìn kiri bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Àwọn àmì mìíràn tó o máa wò: ejò tó ń la ẹnu mí tàbí tí itọ́ ń yọ bọ́bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ejò tí awọ rẹ̀ bọ́ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ dípò kó bọ́ lódidi bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ, ìjàpá tí ìkarahun rẹ̀ rọ̀ tàbí tó hù ní gegele. Ìkarahun tó rọ̀ sábà máa ń wá nítorí oòrùn tí kò tó. Ìjàpá tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá kò lè fi kálísíọ̀mù inú oúnjẹ rẹ̀ ṣe egungun tó gbó, nítorí oòrùn ló ń bá a parí iṣẹ́ náà, gíláàsì fèrèsé sì ń dí apá tó nílò nínú oòrùn náà.

Ooru inú àgò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, kí ẹranko lè fúnra rẹ̀ yàn. Fún Python regius, ẹ̀gbẹ́ gbígbóná máa wà ní bíi digirí 32, ti tútù ní bíi 26. Ejò tí kò bá jáde níbi gbígbóná ń sọ nǹkan kan fún ọ. Èyí tí kì í kúrò nínú omi ń sọ òmíràn. Ẹranko tuntun tó bá dé, yà á sọ́tọ̀ fún oṣù méjì ó kéré tán, pẹ̀lú igbá omi àti ìgbálẹ̀ tirẹ̀.

Lẹ́yìn tó o bá ti fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, fi ọṣẹ fọwọ́ kó o tó fọwọ́ kan oúnjẹ tàbí ọmọ kékeré. Kòkòrò àrùn Salmonella ń gbé nínú ìfun ọ̀pọ̀ afàyàfà láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, àmọ́ inú èèyàn ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti sọ èyí fún ọ̀dọ́ tó ń fi ọwọ́ tó fi di ìjàpá mú gúgúrú jẹ.

Ejò olóró

Má fọwọ́ kàn án. Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà kọ ọ́ tó máa jẹ́ kó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọdún àkọ́kọ́, kì í ṣe ìkejì, kì í ṣe fún fọ́tò, kì í ṣe tí ọ̀rẹ́ bá ní kò sóró mọ́ lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti yọ eyín rẹ̀. Eyín ejò máa ń hù padà. Orí tí wọ́n gé kúrò lára pàápàá ṣì lè bu èèyàn jẹ fún ìgbà díẹ̀.

Ìdí tí mo fi le bẹ́ẹ̀ ni aporó, oògùn tó ń pa oró ejò. Èyí tí wọ́n ń lò jù ní Nàìjíríà, EchiTAb-Plus-ICP, orílẹ̀-èdè Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe é, oró ejò mẹ́ta ni wọ́n sì ṣe é fún: Echis tó pọ̀ ní Òkè Ọya, paramọ́lẹ̀, àti sèbé tó ń tutọ́. Èkejì, EchiTAbG, Echis nìkan ni. Tí mamba, ejò olóró mìíràn tó ń gbé inú igbó, bá bù ọ́ jẹ ní ìhà gúúsù níbí, àwọn méjèèjì kò ṣe é fún un. Ilé ìwòsàn tó gbajúmọ̀ jù fún ìbùjẹ ejò wà ní Kaltungo ní Ìpínlẹ̀ Gombe, ó jìnnà sí Ìbàdàn púpọ̀. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìbùjẹ ejò kún àwọn àìsàn tí aráyé pa tì, kì í sì í ṣe nítorí pé kò pọ̀.

Kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé rẹ: tí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, jìnnà sí ejò náà, jẹ́ kí ẹni náà dùbúlẹ̀, yọ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀, fi igi ti ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kí ó má bàa mira, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má gbẹ́ ẹ ní abẹ, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má so okùn mọ́ ọn. Tí sèbé bá tu oró sójú, omi, omi, omi, ẹ máa bù ú dà sójú náà fún ìgbà pípẹ́, kẹ́ ẹ tó lọ.

Tó o bá ti lo ọdún mélòó kan lábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó o sì rí ibi tí aporó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìgbà yẹn ni wọ́n á fi ọ̀pá oníkọ́ọ́ lé ọ lọ́wọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn.

Òfin

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tọwọ́ bọ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko tí ìparun ń lépa, òfin tiwa lórí rẹ̀ sì ti wà láti 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, wà lára àwọn tó ń mú un ṣẹ. Gbogbo ìjàpá inú òkun, ọ̀nì kúkúrú àti ọ̀nì ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní ìpele tó le jù nínú CITES. Òjòlá, awọ́nríwọ́n àti agẹmọ wà ní ìpele kejì, èyí tó túmọ̀ sí pé ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó kọjá ẹnubodè.

Wàá pàdé ẹni tó máa sọ fún ọ pé òwò Python regius ń mówó wá. Kì í ṣe irọ́: láti Togo, Bẹ̀nẹ̀ àti Ghana ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn tó di ẹran ilé ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n á mú abo olóyún tàbí ẹyin nínú igbó, wọ́n á jẹ́ kí ẹyin pa nínú àgò, wọ́n á kó ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ fi òwò aláìníwèé wọ iṣẹ́ yìí, ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹranko, yunifásítì àti ilé iṣẹ́ ìjọba ti tì mọ́ ọn. Kí o tó tọ́jú ohunkóhun sílé, béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí igbó àti àyíká, kó o sì gba ìdáhùn náà lákọsílẹ̀.

Ibi tí owó wà

Níbẹ̀rẹ̀, owó náà kò pọ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Olùtọ́jú ọgbà ẹranko, òṣìṣẹ́ ọgbà orílẹ̀-èdè bíi ti Ọ̀yọ́ Àtijọ́, òṣìṣẹ́ NESREA, olùkọ́, afinimọ̀nà fún arìnrìn-àjò afẹ́, dókítà ẹran, olùwádìí: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, owó oṣù ìjọba ni. Àwọn kan ń fi kún un nípa lílọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti dá àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́, tàbí kí ilé iṣẹ́ ńlá pè wọ́n láti kó ejò kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí.

Ní etíkun Èkó, iṣẹ́ ìjàpá inú òkun ń dàgbà. Chinedu Mogbo àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Greenfingers, ń gba èyí tí àwọ̀n apẹja bá mú sílẹ̀. Àwọn ìyẹn máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn lóru, bí iyanrìn náà bá sì ṣe gbóná tó ló ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ló máa jáde: tó bá gbóná jù, abo ló máa pọ̀. Ẹni tó bá lè wọn ooru iyanrìn, tó lè rìn ní etíkun lóru, tó sì lè fi èdè Yorùbá, Ẹ̀gùn tàbí Ìlàjẹ bá apẹja sọ̀rọ̀, iṣẹ́ wà fún un. Èdè yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti òkèèrè wá kò ní.

Fún ìwádìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Godfrey Akani ní Port Harcourt ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ nípa ejò Niger Delta. Ka iṣẹ́ wọn láti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwádìí. Ní Kano, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdulrazaq Habib ló ń ṣáájú lórí ìbùjẹ ejò. Tó o bá ti gba oyè àkọ́kọ́, ilé ìwádìí ẹyẹ tó ń jẹ́ APLORI ní Jos ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìdáàbòbò ẹranko ní oyè kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹ ni orúkọ rẹ̀ ń sọ. Fún àwọn tó wà ní Britain, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru ní Liverpool ní ilé ejò tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí lórí oró àti aporó, tí ejò Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Àmọ́ nílé tara ẹni níbẹ̀, òfin ọdún 1976 ní kí o gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ káńsù kó o tó tọ́jú ejò olóró.

Owó ìrànwọ́ kéékèèké náà wà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọ̀nì lábẹ́ IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, Rufford Foundation sì ti fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lówó. Nínú fọ́ọ̀mù wọn, wọ́n á béèrè ohun tó o ti ṣe rí lórí ẹranko náà. Ọ̀dọ́ kan tí mo mọ̀ kò ní nǹkan mìíràn láti kọ síbẹ̀ ju alángbá lọ: oṣù mọ́kànlá, ògiri kan, akọ mẹ́rin tó sọ lórúkọ, ìtẹ́ ẹyin méje pẹ̀lú ọjọ́ tí kọ̀ọ̀kan pa. Ó ya fọ́tò ojú ewé mẹ́ta nínú ìwé onílà náà, ó fi mọ́ ọn. Wọ́n kọ̀wé padà pé kí ó fi ìyókù ránṣẹ́.